Okùn Ajá Méjì

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí lẹ́yìn tí mo ti gbọ́n tó láti mọ̀ pé wọ́n ń ṣẹ̀ mí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó ṣì wà láyé, Muṣin ló ń gbé, ojú rẹ̀ kò sì ríran mọ́ débi tí yóò fi ka ohun tí mo bá kọ. Àǹtí ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí a ti pàdé, Àǹtí náà ni màá sì máa pè é níhìn-ín. Àwọn kan á ní kí ni àgbàlagbà bíi tèmi ń wá kiri nínú ọ̀rọ̀ tó ti lé ní ogójì ọdún. Ẹ máa wí. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Tíṣà ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ilé ìwé girama kan ní Surúlérè. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ wọn, ẹyọ kan wà tí mo máa ń yára fò kọjá: “couple.” Kì í ṣe pé ó le. Àwọn ọmọ náà ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó wọ kíláàsì mi. Wọ́n mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pe tọkọtaya, wọ́n mọ̀ pé a lè fi pe ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí èèyàn ò fẹ́ kà dáadáa. Àwọn tó burú nínú wọn mọ̀ pé wọ́n máa ń fi sọ ohun tí ẹran ọ̀sìn ń ṣe lẹ́yìnkùlé, wọn a sì máa fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Lẹ́nu bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni, ní Èbúté Mẹ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró láàárín ọkọ̀ méjì lójú irin, kó máa wò ó bí èkejì ṣe ń fẹ̀yìn rìn bọ̀, bí wọ́n bá ti forí gbára, kó gbé irin ńlá kan kọ́ tibí mọ́ tọ̀hún. Bó bá dé lálẹ́, a ní, “Mo kọ́pù wọn títí lónìí, apá ń ro mí.” Èmi rò pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní rélùwéè nìkan ni. Ìgbà tí mo dé ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni ni mo tó wò ó nínú ìwé atúmọ̀ èdè tó tóbi bí irọ̀rí, tí wọ́n máa ń fi sórí tábìlì kan ṣoṣo láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé e jáde.

Ohun tí mo kà níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi mọ́. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ló ni ọ̀rọ̀ náà, àwọn Faransé gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Faransé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ohun tí wọ́n fi ń de nǹkan mọ́ nǹkan ni. Okùn ni, tàbí awọ. Nígbà tó yá, àwọn ọdẹ ń fi orúkọ náà pe okùn tí wọ́n fi ń so ajá méjì pọ̀ lọ́rùn, kí ọ̀kan má bàa sáré ṣáájú èkejì. Láti ara okùn ni wọ́n ti wá mú un débi ajá méjèèjì, láti ara ajá ni wọ́n ti mú un débi ọkọ àti ìyàwó. Lọ́dọ̀ tiwa, tọkọtaya là ń wí: ọkọ wà níbẹ̀, aya wà níbẹ̀, oníkálukú gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò dárúkọ ẹnì kankan. Okùn ni wọ́n dárúkọ.

Ohun kan sì wà níbẹ̀ tí mi ò tètè rí. Ajá kì í so ara rẹ̀ mọ́ ajá. Ọkọ̀ ojú irin kì í gbé irin kọ́ ara rẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, yálà ọdẹ ni o, yálà bàbá mi ni, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ so wọ́n. Àǹtí ló yẹ kó so èmi àti ọkọ mi. Kò so wá.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Bàbá wọn kú, ìyá wọn tẹ̀ lé e, Àǹtí ló kó àbúrò rẹ̀ wá sí Èkó, tó ń ta aṣọ ọmọdé ní Yàbá, tó fi rán an níwèé títí ó fi di ẹni tó ń yàwòrán ilé ní ọ́fíìsì gidi. Mi ò lè sọ pé kò ṣe é. Ó ṣe é. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò rẹ̀ ní òun rí ẹni tí òun máa fẹ́, Àǹtí ni ìyá ọkọ, Àǹtí ni bàbá ọkọ, òun ló sì yẹ kó ṣáájú wọn wá tọrọ mi lọ́wọ́ bàbá mi.

Ilé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ni à ń gbé, yàrá kan àti pálọ̀, pẹ̀lú fàráńdà. Ìyá mi ti kú nígbà náà. Lọ́jọ́ mọ̀ mí n mọ̀ ọ́, bàbá mi fi kẹrosíìnì bọ ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó tún fi kẹrosíìnì bọ̀ ọ́, síbẹ̀ gíríìsì kò kúrò nínú èékánná. Ó yá àga lọ́wọ́ gbogbo ará kọ́ńpáùndù. Ó ra míníráà. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjì wá láti ilé. Wọ́n fi ìborí bò mí lórí, wọ́n sì fi mí sínú yàrá, nítorí ìyàwó kì í jáde títí wọn yóò fi pè é.

Ọkọ mi dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ń dúró de Àǹtí. Nígbà tó dé, mo gbọ́ tí wọ́n ń kí i káàbọ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí àga dún. Mo fojú sí ihò kọ́kọ́rọ́. Fàráńdà ló dúró sí, ó ń wo nọ́ńbà tí ìjọba kùn sára ilẹ̀kùn wa.

Ó ní, “Ta ló ni ilé yìí?”

Bàbá mi ní ti rélùwéè ni, pé wọ́n máa ń fún òṣìṣẹ́.

Ó ní, “Ilé ìjọba nìyí. A kì í tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ ìjọba.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń fi ẹ̀fẹ̀ síbi àna, ẹbí ọkọ a máa bú ẹbí ìyàwó, wọn a dá a padà, gbogbo rẹ̀ ló máa ń parí sí ẹ̀rín. Bàbá mi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò lè gbàgbé nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ eré, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu omi sínú tọ́ńbìlà, ó gbé e ka orí àwo, ó gbé e tọ̀ ọ́ lọ sí fàráńdà. Àǹtí wo tọ́ńbìlà náà, ó wo èékánná tó gbé e wá.

Ó ní, “Mo ti mu omi kí n tó kúrò nílé.”

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tó tán. Ó kọjú sí àbúrò rẹ̀, ó ní ilé bàbá ọmọ ni a ti ń tọrọ ọmọ, kí wọ́n mú òun dé ilé bàbá wọn níbi tí wọ́n ti wá, òun á dé ibẹ̀. Bàbá mi kò ní ilé níbi tí ó ti wá. Òjò ti wó ilé bàbá rẹ̀ tipẹ́, àwọn ẹbí ti pín ilẹ̀ ibẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ìyẹn lójú àna? Ó kàn ní, “Ó dáa. A ó fi ọjọ́ ránṣẹ́.” Kò sí ọjọ́ tó fẹ́ fi ránṣẹ́. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀.

Kò sẹ́ni tó rántí pé mo wà nínú yàrá. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìborí lórí mi títí mo fi ń gbọ́ tí àwọn ará kọ́ńpáùndù ń wá kó àga wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni pé aláìsàn wà nínú ilé.

Èmi àti ọkọ mi lọ sí kóòtù. Alákọ̀wé ni wá, a rò pé òǹtẹ̀ kóòtù lágbára ju ẹnu obìnrin kan lọ. Nígbà tí mo lọ fi ìwé ìgbéyàwó han bàbá mi, ó gbà á, ó kà á tán, ó dá a padà fún mi. Ó ní, “Kóòtù ti so yín. Èmi kò tíì fún ẹnikẹ́ni lọ́mọ.”

Ó yẹ kí n sọ ohun tí mo pàdánù, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n. Obìnrin tí wọ́n tọrọ wọlé, gbogbo ẹni tí wọ́n bí sí ilé náà ṣáájú ọjọ́ tó wọlé ni ọkọ rẹ̀, àtọmọdé àtàgbà. Wọn á máa pè é ní ìyàwó, wọn á máa rán an níṣẹ́. Ó máa ń dà bí ìyà, àwọn ọ̀rẹ́ mi ráhùn rẹ̀ sí mi létí títí. Èmi kò rí ẹni rán mi. Tíṣà ni Àǹtí ń pè mí. “Tíṣà, ẹ kú ilé o.” “Tíṣà, ṣé dáadáa lẹ wà?” Ó jù mí lọ dáadáa, ilé àbúrò rẹ̀ ni mo wà, síbẹ̀ ẹ̀yin ló ń fi bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni tó pàdé olóyè lójú ọ̀nà. Àwọn tí kò mọ̀ á ní, “Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín mà ń bọ̀wọ̀ fún yín o.”

Kò sì mu omi ilé mi. Bó bá wá kí wa ní Surúlérè, inú báàgì rẹ̀ ni omi rẹ̀ wà, nínú ìgò ọtí ọsàn kan tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bébà ara rẹ̀ ti ṣí. Ó jókòó sí pálọ̀ mi, ó béèrè àlàáfíà àbúrò rẹ̀, ó ṣí báàgì, ó mu, ó dé e padà. Nígbà tí mo bímọ, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí mo ti ń wá a, ó wá síbi ìsọmọlórúkọ. Ó gbé ọmọ náà, ó ṣàdúrà fún un tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi jáde lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí báàgì lójú gbogbo àlejò, ó mu omi Muṣin. Obìnrin tó ń gbé òkè ilé wa ń wò ó. Ó wò mí. Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ wo ìkòkò lórí iná. Kò sí ìkòkò lórí iná.

Ọkọ mi kì í jà. Ohun tó máa ń wí ni, “Fi í sílẹ̀, Àǹtí ló tọ́ mi dàgbà.” Mo fi í sílẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú nínú yàrá kan tó háyà lẹ́yìn tí rélùwéè gba ilé wọn padà. Níbi òkú náà, wọ́n pe àwọn ọkọ ọmọ kí wọ́n jáde wá kí òkú, ọkọ mi sì dìde. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo tí ìyá mi bí tẹ̀ lé mi, fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Wọn ò tíì fún yín ní nǹkan kan níbí.” Ọkọ mi padà lọ jókòó sáàárín àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀kan nínú wọn bá a mú fìlà rẹ̀ tó bọ́ sílẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa náà, Ọjọ́ Ìsinmi kan wà lọ́dọọdún tí wọ́n máa ń ké sí àwọn tọkọtaya pé kí wọ́n jáde wá síwájú pẹpẹ. “Couples, ẹ jáde.” Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, torí Gẹ̀ẹ́sì ló bá Èkó mu. Lọ́dún tí Àǹtí wá bá wa jọ́sìn, èmi àti ọkọ mi jáde, wọ́n gbàdúrà fún wa. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè bóyá lóòótọ́ ni pé wọn ò tíì ṣe ètò wa délé. Mo ní a lọ sí kóòtù. Ó ní ó yé òun, ó fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn. Lọ́dún kejì, mi ò dìde nígbà tí wọ́n pè. Ọkọ mi náà ò dìde. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń ronú nípa àwọn ará Róòmù àti àwọn ajá wọn.

Báyìí ni mo ṣe darúgbó. Mo ti gbà pé màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí sàréè. Ọmọ mi ló tú u sílẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin ń gbé ní Yàbá, ó háyà yàrá pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń ṣe. Ó mú ọkùnrin kan wá, ọmọ dáadáa ni, ẹbí rẹ̀ sì ní àwọn fẹ́ wá mọ̀ wá. Inú mi dùn títí mo fi pe àbúrò mi lórí fóònù, torí òun ni olórí ẹbí wa báyìí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí mi. Ẹni tí kò tọrọ ìyá, kò lè jókòó kí wọ́n wá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ yín bá ṣe é, mi ò ní yọjú, ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ò sì ní yọjú. Kí wọ́n wá tọrọ yín ná.”

Mo ní mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó ní òun mọ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ọmọ mi, ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ̀yin àti Dádì ti jẹ́ couple kí wọ́n tó bí mi. Ta ló tún fẹ́ so yín?” Mo bá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún un láti Róòmù, okùn, ajá, ọdẹ, bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mìíràn ní kíláàsì. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Ọdẹ yìí ńkọ́, ṣé ó ṣì wà láyé?” Mo ní ó wà ní Muṣin. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọkọ mi lọ sí Muṣin. Ó dé, ó ní Àǹtí ní òun gbọ́. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Àwọn ẹbí ọmọkùnrin náà ti mú ọjọ́, ìyá rẹ̀ ti ń pè mí ní àna lórí fóònù, mo sì ń dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rù. Mo ṣe ohun tí mi ò ṣe rí: mo ní kí ọkọ mi padà lọ bẹ̀ ẹ́. Ó padà lọ. Iṣẹ́ tó gbà bọ̀ ni pé Àǹtí ní, “Ilé ta ni wọ́n ti máa fún wa?”

Ilé àbúrò mi ni, kò sí ibòmíràn. Jíbówú ló sì ń gbé, ní àjà kejì ilé kan tó kọjú sí ibi tí àwọn bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlà-oòrùn ti ń gbéra. Ó háyà rẹ̀ ni. Àbúrò mi kò kọ́lé, bí bàbá wa kò ṣe kọ́ ọ. Mo rí i lójú ọkàn mi bí Àǹtí yóò ṣe dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí ọmọ mi yóò sì gbọ́ ohun tí èmi gbọ́ níbi ihò kọ́kọ́rọ́.

Ọjọ́ náà pé. Ìyàwó àbúrò mi mú mi wọ yàrá wọn, ó bò mí ní ìborí, ó ní bí a bá fẹ́ ṣe é, ká ṣe é dáadáa. Obìnrin rere ni. Ẹbí wa tọrọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ọkọ mi ló sì ń pè mí láti ọjọ́ náà, torí wọ́n bí mi sínú ilé ṣáájú kó tó wọ̀ ọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Orúnkún ń dùn mí. Ìborí náà ń rùn káńfọ̀. Nísàlẹ̀, ẹni tó ń pe èrò sí bọ́ọ̀sì ń pariwo, “Ọnítṣà, ẹnì kan ló kù! Ẹnì kan ló kù!”

Ìyàwó àbúrò mi ní, “Ọkọ mi, ẹ gbọ́ bí, ẹ̀yin ló ń pè.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé bí bàbá mi ṣe rẹ́rìn-ín nìyẹn.

A gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń falẹ̀, ó ń dúró, ó tún ń gòkè. Ọmọ mi ló di Àǹtí lọ́wọ́ mú. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kí i káàbọ̀. Mi ò gbọ́ kí àga dún.

Ó ní, “Ta ló ni ilé yìí?”

Ohùn náà ti di ti arúgbó, ṣùgbọ́n òun náà ni. Ìyàwó àbúrò mi dì mí lọ́wọ́ mú. Àbúrò mi ní, “Lánlọ́ọ̀dù ni, Mọ́mì. Ayálégbé ni mí.” Kò fi kún un, kò fi ẹ̀rín sí i. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn, mo sì dárí ohun tó ṣe níbi òkú bàbá wa jì í.

Bọ́ọ̀sì kan fọn fèrè. Àǹtí dúró kí ó dákẹ́.

Ó ní, “Èmi náà ayálégbé ni mí. Ẹ fún mi lága.”

Àwọn tó wà ní pálọ̀ mí kanlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n rò pé ayọ̀ ni mò ń yọ̀ níbi tí mo wà. Inú ló ń bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gé ìborí yẹn jẹ. Àǹtí kò kúkú kọ́lé rí. Yàrá Muṣin tó wà nígbà tó dúró sí fàráńdà wa, kò kúrò nínú rẹ̀ títí dòní, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ló gbà. Ẹnu tó fi sọ ọ́ ní Jíbówú náà ló ní nígbà tó dé Èbúté Mẹ́ta. Bàbá mi fi kẹrosíìnì fọwọ́ nítorí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, kò gbọ́ ọ títí ó fi kú.

Wọ́n pè mí. Mo jáde. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àbúrò mi, nígbà tó sì fẹ́ dìde, kò lè dìde, ọmọ mi gbé fóònù tó fi ń ya fọ́tò sílẹ̀, òun àti àbúrò mi gbé e nílẹ̀ bí ẹni gbé àpótí. Wọ́n fà mí lé Àǹtí lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ìyàwó àbúrò mi fi tìmùtìmù sí mi lábẹ́ orúnkún.

Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ yìí. Mo ti ń tò ó láti ìgbà tí irun mi dúdú. Mo fẹ́ bi í, ní ohùn kíláàsì, pé lọ́wọ́ ta ló ti ń tọrọ mi, ìjọba ni àbí lánlọ́ọ̀dù. Gbogbo ẹbí wa á gbọ́, ọmọ mi á gbọ́. Mo gbé ojú sókè láti sọ ọ́. Ọmọ mi ń wò mí, ọjọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ obìnrin tó jókòó níwájú mi yìí. Báàgì wà lórí itan rẹ̀, mo rí ọrùn ìgò omi tó yọ jáde nínú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí kí n tó la ẹnu. Ọwọ́ náà fúyẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà pé ikú kò ní gba èmi àti ọkọ mi lọ́wọ́ ara wa lójijì, pé ilé tí mo wọ̀ á tù mí lára. Ilé tí mo ti wọ̀ tí mo ti darúgbó nínú rẹ̀.

Mo ṣe àmín. Èmi ni mo ṣe é tó ròkè jù. Mo gbọ́ ohùn ara mi nínú pálọ̀ náà, ohùn ọmọbìnrin tó ń dúró nínú yàrá, ojú sì tì mí débi pé mi ò lè gbé orí sókè mọ́. Mo rò pé ìkórìíra ni mo gbé kiri láti ọdún yìí wá. Àṣé okùn náà ni mo ń wá. Mo fẹ́ kí ó so mí, òun gan-an, pẹ̀lú ọwọ́ yẹn.

Wọ́n gbé mi dìde. Wọ́n fi mí jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyàwó àbúrò mi ń gbé ohun mímu kiri. Àǹtí fi ọwọ́ kan báàgì rẹ̀, ó ti ìgò náà wọlé, ó fa síìpù bò ó. Ó ń wá mi pẹ̀lú ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́ títí ó fi rí funfun ìborí mi. Ìyàwó àbúrò mi ti sún mọ́ ọn pẹ̀lú àwo lọ́wọ́, ṣùgbọ́n Àǹtí mi orí sí i, ó ní kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni òun ti fẹ́ gbà á.

“Ìyàwó wa,” ó ní, “dìde, lọ bu omi wá fún mi mu.”